Ọkà Bàbà ní Àsìkò Ìgbóná

Bí ìgbóná bá wọ ìlú láyé àtijọ́, ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́, nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú koríko gbẹ. Àwọn àgbà kì í dárúkọ Ṣànpọ̀nná ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí kí wọ́n kàn wí pé Ọba. Àwọn olùsìn rẹ̀ gbà pé òun ni ó ni hóró tí ilẹ̀ ń mú jáde, àti pé bí inú bá bí i sí ènìyàn, hóró náà ni ó ń yọ sí onítọ̀hún lára. Ó lè ya àlejò lẹ́nu, nígbà náà, pé hóró ọkà kan náà ni wọ́n fi ń bọ́ ẹni tí Ọba bá bá jà.

Ìdí àkọ́kọ́ wà ní ọ̀nà ọ̀fun. Ìgbóná kì í mọ sí awọ ara nìkan; ó ń dá egbò sí ẹnu àti ọ̀fun, tí iyán tàbí àmàlà yóò fi di ohun tí aláìsàn kò lè gbé mì. Ẹ̀kọ mímu ni ó lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọn a rẹ ọkà bàbà sínú omi, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Kíkan yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn ẹnu lásán, nítorí kì í jẹ́ kí púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò àrùn rí ibi gbé nínú ògì. Inú omidùn tí ó bá lé sókè ni àwọn adáhunṣe ń rẹ ewé àti èèpo igi sí títí di òní. Láti inú ìkòkò kan náà ni oúnjẹ àti àgbo ti ń jáde.

Ìdí kejì ni àwọn tí ń yin oúnjẹ àbáláyé kì í sábà mẹ́nu bà: ta ni ó ṣì lè dìde? Nígbà tí àwọn géńdé bá dùbúlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wa iṣu. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n ń kórè ọkà bàbà. Àká ti kún kí àrùn tó dé. Ìyá arúgbó kan tí ó ti ṣe ìgbóná rí, tí àrùn náà kò sì ní í mú mọ́, lè bu ọkà nínú àká kí ó fi bọ́ odindi agboolé.

Kì í ṣe gbogbo àjàkálẹ̀ àrùn ni ó ń dá ènìyàn padà sí oúnjẹ àtijọ́. Infuluẹ́ńsà tí ó wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1918 ṣe ìdàkejì. Don Ohadike fi hàn nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1981 pé, lọ́dọ̀ àwọn Ígbò ìsàlẹ̀ Odò Ọya, ikú àwọn òṣìṣẹ́ oko mú kí gbàgúdá, ohun ọ̀gbìn tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tàn kálẹ̀ níbi tí iṣu ti jọba, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti iṣu. Agbára tí ó kù lápá ni ó yan oúnjẹ fún wọn. Àgbàdo gan-an, tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣe ògì lónìí bí ẹni pé Odùduwà ni ó gbé e wá, Amẹ́ríkà kan náà ni ó ti wá. Ọkà bàbà ni ó ti jẹ́ ohun ọ̀gbìn ní Áfíríkà láti nǹkan bí 5,000 ọdún.

Ẹni tí ó bá ń polongo pé ògì bàbà ni ó lé ìgbóná lọ ń pa irọ́ mọ́ ìtàn. Àjẹsára ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé mú ètò náà le ní 1967. Ìgbóná parí ní Nàìjíríà ní 1970, Somalia ni ó ti mú ẹni ìkẹyìn ní àwùjọ ní 1977, wọ́n sì kéde òpin rẹ̀ ní 1980. Ògì gbé aláìsàn ró, kò pa àrùn. Babaláwo tí kò bá fi ìyàtọ̀ yìí han àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré.

Àrùn ti lọ, oúnjẹ kò kúrò nílẹ̀. Ní Bahia, ní Brazil, níbi tí òwò ẹrú gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ, àsè Ọbalúayé tí wọ́n ń pè ní Olubajé máa ń wáyé ní oṣù kẹjọ. Gúgúrú, tí wọ́n mọ̀ sí doburu, wà lára oúnjẹ rẹ̀. Orí ewé lárà ni wọ́n ń bu oúnjẹ náà sí, ọmọ ilé àti àjèjì sì ń jẹ ẹ́ pọ̀.