Ta Ló Ni Ẹgbẹ́? Àwọn Alákòóso Bọ́ọ̀lù àti Àwọn Alátìlẹ́yìn ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Èkó bá délẹ̀, orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ni ó máa ń yá wa lẹ́nu. Ta ló gbá a sáwọ̀n, ta ló gbà á mú, ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ le jù? Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni í béèrè ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé owó oṣù wọn, tàbí ẹni tí ó pàṣẹ lọ́jọ́ kan pé kí ẹgbẹ́ tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ń torí rẹ̀ pa oúnjẹ ọ̀sán jẹ túká. Ìbéèrè tí a kì í sábà béèrè yìí gan-an ni àròkọ yìí dá lé. Láàárín àwọn tí ó jókòó sórí àga ìgbìmọ̀ àti àwọn tí ó dúró sínú oòrùn lẹ́yìn okùn pápá, ta ló ni ẹgbẹ́?

Àpápá ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ara iṣẹ́ èbúté àti iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni bọ́ọ̀lù Èkó ti mú gbòǹgbò. Láti àwọn ọdún 1920 ni ìjọba amúnisìn ti ń kọ́ ibùdókọ̀ ojú omi ńlá sí Àpápá, tí wọ́n sì fa ọ̀nà rélùwéè dé ibẹ̀. Ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi nígbà náà, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní Máríìnì, ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ẹgbẹ́ Máríìnì yìí ni ó kọ́kọ́ gba Ife Gómìnà ní 1945, ó sì tún un gbà ní 1947. Rélùwéè gbà á ní 1946, 1948 àti 1949. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó nílò láti béèrè oní-nǹkan. Òṣìṣẹ́ ni agbábọ́ọ̀lù, òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni òǹwòran, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ni ọ̀gá ẹgbẹ́. Bí inú bá bí òǹwòran, ẹni tí ó ń bínú sí kò jìnnà sí i. Wọ́n á tún jọ pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ní 1949, nígbà tí ìjọba ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà jọ láti lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n bá lọ ń jẹ́ Àpápá gan-an. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá a. Teslim Balógun, tí ìlú ń pè ní Thunder, wà nínú wọn. Òun náà ni ó padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù líìgì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní 1956. Orúkọ rẹ̀ ni a fi pe pápá tí ó wà ní Sùúrùlérè lónìí.

Nǹkan yí padà nígbà tí oníṣòwò aládàáni wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Israel Adébàjọ́, ẹni tí ó ń ta ìwé àti ohun èlò ìkọ̀wé, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì fi orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ pè é: Stationery Stores. Mo gbà pé kò sí ẹgbẹ́ kankan ní Èkó tí àwọn mẹ̀kúnnù fẹ́ràn tó o. Ó gba Ife Challenge ní 1967 àti 1968 léraléra. Peter Fregene, aṣọ́lé rẹ̀, wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tí ó lọ sí Òlíḿpíìkì ti Mẹ́síkò ní 1968, níbi tí wọ́n ti gbá ọ̀mì góòlù mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú Bràsíìlì. Lẹ́yìn èyí ni Haruna Iléríkà, tí àwọn tí ó rí i títí di òní ṣì ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ búra.

Adébàjọ́ kú ní 1969. Àwọn àgbà ní baálé ilé kú, ilé di ahoro. Ilé Stores kò di ahoro lọ́jọ́ kan, ìdí nìyí tí ìtàn rẹ̀ fi yẹ kí a fara balẹ̀ kà. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà lára àwọn òléwájú nígbà tí líìgì orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní 1972. Ó dé àṣekágbá ìdíje àwọn olùgbafe ilẹ̀ Áfíríkà ní 1981, ẹgbẹ́ Union Douala ti Kamẹrúùnù ni ó borí rẹ̀. Ó gba Ife Challenge lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1982 àti 1990. Ní 1992, ó gba líìgì. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìbéèrè tí olóògbé náà kò fi ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ń ká gbogbo wọn lọ́wọ́ kò: ta ló jogún ẹgbẹ́? A lè pín ilé, a lè pín ilẹ̀, a lè pín ọjà tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Báwo ni a ṣe ń pín ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn? Àríyànjiyàn lórí ìdarí wọ inú ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ di ti adájọ́ àti lọ́yà, kò sì tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ife 1992 tí orúkọ Stores fi pòórá kúrò ní ìpele àkọ́kọ́. Àwọn kan ti gbìyànjú láti jí i dìde láti ìgbà náà. Òkìkí àtijọ́ kò tíì padà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ èdè, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, alátìlẹ́yìn. Láti ara 'tì lẹ́yìn' ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀: ẹni tí ó dúró ti nǹkan láti ẹ̀yìn, tí ó fi ara rẹ̀ gbé e ró. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn kì í rí ibi tí a ń lọ bí ẹni tí ó wà níwájú ṣe ń rí i. Bí ohun tí ó fara tì bá sì ṣí kúrò lójijì, òun ni yóò kọ́kọ́ ṣubú. Ó dà bí ẹni pé èdè wa ti mọ ipò tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí wà kí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tó dé.

Àwọn alátìlẹ́yìn Stores kì í ṣe ẹni tí ó rọrùn láti bá jókòó. Bí ẹgbẹ́ wọn bá pàdánù, rẹfirí a máa sá. A máa ń ju òkúta, a sì máa ń fọ́ gíláàsì ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè gbè wọ́n lórí èyí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ìbínú náà ń bá wí? Rẹfirí ni ojú rí, agbábọ́ọ̀lù ni ọwọ́ tó. Ẹni tí ó dá owó oṣù dúró, tí ó ta agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù láìfọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni, kò sí lójú pápá. Ó wà ní ọ́fíìsì. Ta ni ó ń ju òkúta sí mínítì ìpàdé?

Ẹ̀wádún 1980 ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere. Owó àwọn iléeṣẹ́ ńlá wọ bọ́ọ̀lù bí omi òjò. Leventis United ti Ìbàdàn gba Ife Challenge ní 1984 àti 1986, ó sì gba líìgì ní 1986 kan náà. Abíọ́lá Babes, ẹgbẹ́ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, gba ife ní 1985 àti 1987. Ẹ̀wádún 1990 kò tíì jìnnà tí àwọn méjèèjì fi di ìtàn. Ẹni tí ó ni owó kó owó rẹ̀, ó lọ ilé. Kò ṣẹ̀ sí òfin kankan, nítorí òfin kò ka òǹwòran sí oní-nǹkan.

Ní ti Ajégúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Orúkọ ìlú yìí dùn ún gbọ́: ajé dé, ó sì gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Ẹni tí ó bá dúró sí Boundary, níbi tí Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá ti pààlà, yóò mọ̀ pé ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìhà kejì ni ó gúnlẹ̀ sí. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ, Urhobo, Ìgbò, Hausa, gbogbo wọn ni ó ń gbé pọ̀ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ti ń háyà láti ọjọ́ pípẹ́. Pápá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Maracana pè, orúkọ pápá ńlá ti Rio de Janeiro. Inú irú àwọn pápá oníyanrìn bẹ́ẹ̀ ni Samson Síásíà àti Odion Ighalo ti jáde. Síásíà gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Argentina ní ìdíje àgbáyé ti 1994. Ighalo ni ó gbá góòlù jù lọ ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ti 2019, góòlù márùn-ún.

Ẹgbẹ́ ta ni àwọn méjèèjì gbá fún kí wọ́n tó rékọjá òkun? Julius Berger ni, ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ tí ń ṣe títì tí ó sì ń kọ́ afárá. Berger gba líìgì ní 1991 àti 2000, ó gba Ife Challenge ní 1996 àti 2002. Mutiu Adépọ̀jù, Sunday Oliseh àti Emmanuel Amuneke, gbogbo wọn ni ó gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ní láti sọ òtítọ́ níhìn-ín: àwọn alákòóso Berger mọ iṣẹ́. Wọ́n ń san owó, wọ́n sì ń wá ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn dé àdúgbò tí àwọn ẹlòmíràn ń bẹ̀rù láti wọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí iléeṣẹ́ náà fà sẹ́yìn, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Bridge, òkìkí rẹ̀ sì wọmi. Alákòóso rere àti alákòóso búburú, ibi kan náà ni wọ́n gbé àwọn alátìlẹ́yìn wọn sọ̀ sí. Èyí ni ó mú mi gbà pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe gbé ilé náà kalẹ̀ ni kò tọ́.

Ní Ìbàdàn, níbi tí ìjọba ti jẹ́ oní-nǹkan, ẹgbẹ́ kan náà jẹ́ WNDC, ó jẹ́ IICC, ó di 3SC, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìjọba tí ń bọ́ ọ ṣe ń yí padà. Ó gba ife àwọn olùgbafe ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, èyí tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì ṣe rí. Ó ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí gómìnà bá yí, ìgbìmọ̀ a yí. Àwọn òǹwòran sì ń dìbò fún gómìnà nìkan, wọn kì í dìbò fún alága ẹgbẹ́.

Ibòmíràn wà tí wọ́n ti gbìyànjú ohun mìíràn. Ní Barcelona, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń san owó ọdọọdún ni ó ń dìbò yan ààrẹ. Ní Jámánì, láti 1998, òfin líìgì sọ pé ìbò tí ó ju ìdajì lọ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bí a bá ní ti òyìnbó nìyẹn, ẹ wo Ghánà tòsí wa: ẹgbẹ́ Hearts of Oak, tí a dá sílẹ̀ ní 1911, ta ìpín ìdókòwò fún àwọn ará ìlú ní 2011. Ghánà yìí kan náà ni ó sì rí ibi tí ìbínú òǹwòran lè yọrí sí. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, 2001, Hearts ń na Kotoko ní pápá Accra pẹ̀lú góòlù méjì sí ẹyọ kan. Àwọn alátìlẹ́yìn Kotoko bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga ya; ọlọ́pàá yin tajútajú; ilẹ̀kùn ọ̀nà àbájáde wà ní títì. Ènìyàn 126 ni ó kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fọwọ́ kan àga kankan.

Ní Èkó, ìran mìíràn ti dé. Ìjọ kan ni ó ni MFM, tí ó ṣe ipò kejì ní líìgì 2017, tí ó sì já wálẹ̀ ní 2022. A dá Sporting Lagos sílẹ̀ ní 2022. Ó gòkè ní 2023, ó já wálẹ̀ ní 2024, ọdún náà gan-an tí Ìkòròdú City gòkè. Èyí tí mo gbọ́ nípa wọn dára: tíkẹ́ẹ̀tì ní iye, orin àti ìlù wà, àwọn ìyàwó ilé ń kó ọmọ wọn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ajégúnlẹ̀ pé ẹgbẹ́ wo ni tiwọn, kò sí ọ̀kan tí ó dárúkọ wọn. Arsenal, Chelsea, Manchester United ni mo gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, fi ìbínú ṣàlàyé fún mi bí ìdílé Glazer tí ó ra Manchester United ní 2005 ṣe ba ẹgbẹ́ "wa" jẹ́, iye gbèsè tí wọ́n dì lé e lórí, àti bí àwọn òǹwòran ibẹ̀ ṣe ń wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti òféèfèé láti fi ẹ̀hónú hàn. Mo bi í bóyá ó ti gbọ́ orúkọ Stationery Stores rí. Ó ní ṣé níbi tí wọ́n ti ń ta bébà ni.