ThinkPad T470 tàbí T480: Èwo ló yẹ kí ẹni tówó ẹ̀ kò pọ̀ rà?

Ẹni tó bá wọ ọjà kọ̀ǹpútà tó wà n'Ìkẹjà, nílùú Èkó, tó ní tòkunbọ̀ ThinkPad lòun ń wá, kì í pẹ́ tí àwọn ọlọ́jà yóò fi gbé méjì tó jọra bí ìbejì síwájú rẹ̀. Àwọ̀ dúdú kan náà ni wọ́n ní, ojú wọn jẹ́ íǹṣì 14, kókó pupa kékeré kan náà ló sì wà láàárín kíbọ́ọ̀dù wọn. Nọ́ńbà tó wà lára wọn ló yàtọ̀: ọ̀kan ń jẹ́ T470, èkejì ń jẹ́ T480. Owó T470 ló sábà máa ń kéré jù, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí nọ́ńbà náà túmọ̀ sí yóò rò pé òun ti jèrè bó bá mú un. Àmọ́ àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Iléeṣẹ́ IBM ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe ThinkPad jáde lọ́dún 1992. Lọ́dún 2005 ni iléeṣẹ́ Lenovo, tí í ṣe ti àwọn ará Ṣáínà, ra ẹ̀ka tó ń ṣe é lọ́wọ́ wọn. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ńlá ló máa ń ra irú tí wọ́n fi lẹ́tà T síwájú rẹ̀ yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, bí ọdún mélòó kan bá sì ti kọjá, wọn a tà wọ́n dànù láti ra tuntun. Àwọn tí wọ́n tà dànù yìí ló ń gba orí òkun bọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́, akọ̀wé àti oníṣòwò kékeré fi ń rí ẹ̀rọ tó lágbára rà. Ọdún 2017 ni T470 jáde, T480 sì tẹ̀lé e lọ́dún 2018.

Ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ kì í ṣe kékeré. Ààyè méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún RAM nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a sì lè sọ ọ́ di 32GB. SSD tí wọ́n ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí náà ṣeé yọ, ó ṣeé pààrọ̀. Èyí tó wúlò jù níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró ni bátìrì wọn. Méjì ni: ọ̀kan wà nínú, agbára rẹ̀ jẹ́ 24Wh, èkejì wà lẹ́yìn, ó sì ṣeé yọ láìjẹ́ pé èèyàn pa kọ̀ǹpútà, nítorí ti inú yóò máa gbé iṣẹ́ lọ. Ti ẹ̀yìn yìí lè jẹ́ 24Wh, 48Wh tàbí 72Wh, èyí tó bá sì wọ ọ̀kan ló wọ èkejì. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ iná wáàtì 8 bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé lórí rẹ̀, tí 24Wh méjì bá wà lára rẹ̀, wákàtí 6 ni yóò lò. Bí ti ẹ̀yìn bá jẹ́ 72Wh, ó di wákàtí 12. Ti bátìrì tuntun nìyẹn o. Tòkunbọ̀ kò ní í tó bẹ́ẹ̀.

Inú ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò fún wọn ni ọ̀nà ti pínyà. Ìran keje lára àwọn tí iléeṣẹ́ Intel ṣe ló wà nínú ọ̀pọ̀ T470, bíi i5-7200U àti i5-7300U. Àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ ìran kẹfà. Ìran kẹjọ ló wà nínú T480 tó wọ́pọ̀ lọ́jà, bíi i5-8250U àti i5-8350U. Core méjì péré ló wà nínú ti T470 tí a dárúkọ, mẹ́rin ló wà nínú ti T480. Bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin bá ń ro oko tí èèyàn méjì ń ro ló rí. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà nìkan lè má mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó tún ń ṣèpàdé orí Zoom, tàbí tó ń to fídíò pọ̀, yóò mọ̀ ọ́n kíákíá.

Ọ̀rọ̀ Windows ló tún fẹ ìyàtọ̀ náà sí i. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ni Microsoft dá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀ kò kú, ṣùgbọ́n bí àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá onítọ̀hún dí i lọ́fẹ̀ẹ́ títí lọ. Ewu ńlá lèyí jẹ́ fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ àkáǹtì báńkì. Windows 11, tó jáde lọ́dún 2021, kò gba ọpọlọ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, àyàfi díẹ̀ nínú ìran keje, àwọn ti T470 kò sì sí lára díẹ̀ náà. Lóòótọ́, àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí T470 kí wọ́n tó tà á, àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe kankan fún irú rẹ̀. Pé èèyàn rí Windows 11 lójú kọ̀ǹpútà kò tíì sọ pé ó tọ́ sí i.

Síbẹ̀, T470 ní ibi tó ti dára ju àbúrò rẹ̀ lọ. Ó ní ihò ṣájà ayé àtijọ́, ó tún ní USB-C tó lè gba iná. USB-C méjì ni T480 gbára lé, bí wọ́n bá sì bàjẹ́, iná kò lè wọlé mọ́. Ihò USB títóbi mẹ́ta ló wà lára T470, méjì ló wà lára T480. Ẹni tó bá sì fẹ́ lo Linux, bíi Ubuntu, kò ní ohun tó kàn án pẹ̀lú òfin Microsoft. Ọ̀fẹ́ ni Linux, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí T470.

Èyíkéyìí tí èèyàn bá mú, kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀: bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20HD, 20HE, 20JM tàbí 20JN, T470 ni, bó bá jẹ́ 20L5 tàbí 20L6, T480 ni. Kó wo orúkọ ọpọlọ náà fúnra rẹ̀ nínú Windows. Kó pa ẹ̀rọ náà, kó tún un tàn, kó sì tẹ F1: bó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọlọ́jà kò mọ̀, kó fi í sílẹ̀, nítorí odidi pátákó inú ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń pààrọ̀ láti tú irú rẹ̀. Kó tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt, kó sì fi agbára tó kù nínú bátìrì wé èyí tí wọ́n fi ṣe é. Bó bá jẹ́ T480, kó ki ṣájà bọ ihò USB-C méjèèjì. Kó tún béèrè bóyá ojú rẹ̀ jẹ́ 1920 sí 1080, nítorí èyí tó jẹ́ 1366 sí 768 kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

Ohun tí ẹni tówó rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn ni pé kó náwó sórí ohun tí kò ṣeé pààrọ̀ lọ́la. RAM ṣeé fi kún, SSD ṣeé pààrọ̀, bátìrì ṣeé rà nígbà tówó bá tún wọlé. Ọpọlọ ti lẹ̀ mọ́ pátákó. Èyí tí wọ́n bá gbé wálé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọn yóò lò títí ẹ̀rọ náà yóò fi kú. Nítorí náà, T480 tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB sàn ju T470 tí wọ́n ti rọ 16GB kún, bí owó wọn bá sún mọ́ra. Bí ìyàtọ̀ owó wọn bá pọ̀ gan-an, tí olùrà sì gbà láti lo Linux, kò ṣìnà bó bá mú T470. Ṣùgbọ́n T470 tó mọ́, tí kò ní àléébù, sàn ju T480 tí wọ́n ti tì pa. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà ló sì yẹ kí olùrà tòkunbọ̀ fi ṣọ́ owó rẹ̀.