Nígbà Tí Olè Ajá Gba Ìlú Lọ́ńdọ̀nù Kan



Ẹran ọ̀sìn ni ẹ̀kọ́ wa ní sáà yìí, òwe tí a sì fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí ẹ̀yin àgbà mọ̀ dáadáa: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá ni òwe náà dá lẹ́bi. Ó ní etí dídi ló mú un sọnù. Ṣùgbọ́n ajá mìíràn wà tó gbọ́ràn, tó ń tẹ̀lé olówó rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, tí ẹnì kan ṣì nawọ́ gbé e lọ. Ìtàn irú ajá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Lọ́ńdọ̀nù níbí ló ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí òfin ìlú yìí rí bó ṣe rí lónìí.

Iṣẹ́ àwọn olè ajá

Ní àwọn ọdún 1840, ọ̀pọ̀ olówó ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń sin ajá kékeré. Ajá wọ̀nyí kì í ṣọdẹ, wọn kì í sì í ṣọ́ ilé. Orí ìtẹ́ ni wọ́n ń sùn, wọ́n ń bá onílé jẹun, wọ́n sì ń bá a jáde nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Àwọn olè ṣàkíyèsí nǹkan méjì: ajá kékeré rọrùn láti gbé pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ẹni tó ni ín kò sì ní lè sùn títí yóò fi rí i.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í jí ajá láti lọ tà á lọ́jà. Ẹni tó ni ajá gan-an ni wọ́n ń tà á padà fún. Ọkùnrin méjì ló sábà máa ń jáde pọ̀. Ọ̀kan á mú ẹ̀dọ̀ díndín dání, tàbí kí ó fa abo ajá kan lẹ́yìn, kí ajá olówó lè gbọ́ òórùn, kí ó sì tẹ̀lé e. Èkejì á máa wo ọ̀tún wo òsì. Bí ajá bá ti sún mọ́ wọn, wọ́n á gbé e sínú àpò, ó parí. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ọkùnrin kẹta á wá kan ilẹ̀kùn. Yóò ní òun kì í ṣe olè o, òun kàn gbọ́ pé ẹnì kan rí ajá kan ni, bí owó bá sì wà, òun lè bá wọn wá a.

Henry Mayhew, akọ̀ròyìn tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ àwọn ará ìgboro Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1851, kọ nípa òwò yìí. Ó mẹ́nu ba ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ William Bishop, tó ń ta ìbọn ní Bond Street, tó sì kó orúkọ àwọn tí wọ́n jí ajá wọn jọ. Ènìyàn 151 ló wà nínú ìwé rẹ̀, Duke of Cambridge tó jẹ́ ọmọ ọba pàápàá sì wà lára wọn. Àpapọ̀ owó tí wọ́n san kí wọ́n tó rí ajá wọn gbà lé ní £977. Bí a bá pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £6 àti ṣílè mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, nǹkan bíi ṣílè mẹ́wàá ni lébìrà oko ń gbà lọ́sẹ̀. Owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lébìrà ni wọ́n ń gbà lórí ajá kan ṣoṣo.

Flush, ajá akéwì

Nínú gbogbo ajá tí wọ́n jí nígbà náà, orúkọ ọ̀kan ló yè títí dòní. Flush ni. Cocker spaniel ni, ẹ̀bùn sì ni. Ní ọdún 1841 ni Mary Russell Mitford, òǹkọ̀wé, fi ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ Elizabeth Barrett lọ́rẹ. Akéwì ni Elizabeth, ó ń ṣàìsàn, ẹ̀gbọ́n... rárá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó fẹ́ràn jù, Edward, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sínú omi ní ọdún 1840. Inú yàrá ló ń wà lọ́pọ̀ ìgbà nínú ilé bàbá rẹ̀, 50 Wimpole Street. Flush ni ó ń bá a gbé inú yàrá náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jí Flush: ní 1843, ní 1844, àti ní 1846. Àpapọ̀ owó tí Elizabeth san jẹ́ £20. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló le jù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1846, Elizabeth àti àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ ra nǹkan ní Vere Street. Flush wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Kí ó tó wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin tán, ajá ti di àwátì.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Taylor, tó ń gbé ní apá Shoreditch, ni ọ̀gá àwọn olè náà. Gínì mẹ́fà ló béèrè; gínì kan jẹ́ ṣílè mọ́kànlélógún. Bàbá Elizabeth ní kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀. Robert Browning, akéwì tí ó fẹ́ fẹ́ Elizabeth ní bòókẹ́lẹ́, gbà pẹ̀lú bàbá náà láìmọ̀. Ó kọ lẹ́tà sí i pé bí ènìyàn bá ń sanwó fún olè, agbára ló ń fi kún agbára wọn, àti pé ajá ẹlòmíràn ni wọn yóò tún jí lọ́la.

Elizabeth dá a lóhùn. Ó bi í pé, bí àwọn ìgárá bá gbé òun lọ sórí òkè ní Ítálì, tí wọ́n sì fi etí òun kan ránṣẹ́, ṣé yóò kọ́kọ́ jókòó ro bóyá owó náà pọ̀ jù ni? Ó ti gbọ́ pé obìnrin kan kò tètè sanwó, wọ́n sì di orí ajá rẹ̀ sínú páálí ránṣẹ́ sí i. Kò dúró mọ́. Òun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, ó mú ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ dání, wọ́n háyà kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọ́n sì wọ àdúgbò àwọn olè lọ. Taylor kò sí nílé, ìyàwó rẹ̀ ló bá wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Taylor wá gba owó ní Wimpole Street, Alfred àbúrò Elizabeth pè é ní olè àti òpùrọ́. Taylor bínú jáde, ó búra pé wọn kò ní fojú kan ajá náà mọ́. Àbúrò mìíràn, Septimus, ló wá fi sùúrù lọ bá a, ó san owó náà. Nígbà tí Flush délé, omi ló kọ́kọ́ mu, ó mu ún bí ẹni tí kò rí omi rí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù náà, Elizabeth àti Robert ṣègbéyàwó láìjẹ́ kí bàbá mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń sá lọ sí Ítálì, Flush bá wọn lọ. Florence ni ó kú sí. Ní ọdún 1933, Virginia Woolf kọ odidi ìwé kan nípa ajá yìí, ó sì pa olè ẹ̀ẹ̀mẹta náà pọ̀ di ẹyọ kan.

Bẹ́líìtì ọrùn níye ju ajá lọ

Kí ló dé tí ẹ̀rù kò fi ba Taylor láti wọ ilé olówó lọ ní ojú ọ̀sán? Òfin ló gbè é. Nínú òfin àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá jí màlúù, ẹṣin tàbí àgùntàn, ọ̀daràn gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn amòfin ní ajá kò sí lára ohun tí a lè pè ní olè bí a bá jí i, nítorí a kì í jẹ ẹ́, fàájì lásán ni wọ́n ní a fi ń sìn ín. Bẹ́líìtì tó wà lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ dúkìá, ajá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Olè tó bá gbọ́n á bọ́ bẹ́líìtì sílẹ̀, á gbé ajá lọ. Lóòótọ́, wọ́n ti ṣe òfin kan fún ajá, ṣùgbọ́n owó ìtanràn ni fún ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú. Kò sì sí òfin tó le fún ọkùnrin kẹta, ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ní ọdún 1844, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Westminster yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ọ̀rọ̀ olè ajá ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà ni òfin 1845 jáde. Ẹni tó bá jí ajá lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára, bí ó bá tún ṣe é, ó lè di oṣù méjìdínlógún. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé òfin náà mú ọkùnrin kẹta. Ẹni tó bá gba owó kí ó tó dá ajá tí wọ́n jí padà, òun náà di ọ̀daràn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún náà dáadáa: ọdún kan lẹ́yìn òfin yìí ni wọ́n jí Flush lẹ́ẹ̀kẹta. Òfin tí ẹnikẹ́ni kò bá lò kò lè ṣọ́ ajá.

Ilé tí Flush ń gbé

Nǹkan kan wà tí n kò fẹ́ kí àwa ọmọ Yorùbá fò kọjá nínú ìtàn yìí. Oko ìrèké ní Jàmáíkà ni ìdílé Barrett ti rí ọrọ̀ wọn. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n sì tà, ló ṣiṣẹ́ lóko náà, àti ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn. Nígbà tí òfin ìdásílẹ̀ ẹrú jáde ní ọdún 1833, ìjọba ya £20 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún àwọn tó ni ẹrú. Wọn kò fún ẹrú kankan ní kọ́bọ̀. Inú ilé tí irú owó bẹ́ẹ̀ gbé ró ni àárò ajá kan ti sọ ènìyàn di aláìlèsùn.

N kò sọ èyí láti fi Elizabeth ṣe yẹ̀yẹ́. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dín owó bàbá rẹ̀ kù, ó sì kọ ewì kan lòdì sí oko ẹrú, tó jáde ní Amẹ́ríkà. Mo sọ ọ́ kí àwọn ọmọ wa lè mọ ohun kan: òfin ló ń sọ ohun tó níye lórí àti ohun tí kò níye. Òfin kan náà tó pe ènìyàn ní dúkìá ló ní ajá kì í ṣe dúkìá. Nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ máa yẹ òfin wò.

Ṣé kí a sanwó ni, àbí kí a má san?

Ẹ̀yin òbí mọ̀ pé ìbéèrè Elizabeth àti Robert kì í ṣe ti ajá nìkan. A ń gbọ́ ìròyìn ajínigbé láti ilé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Nàìjíríà fọwọ́ sí àbá òfin kan tí yóò fi ẹ̀wọ̀n ọdún 15 jẹ ẹni tó bá sanwó ìtúsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Robert gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹbí sì dáhùn bí Elizabeth ṣe dáhùn. Robert ń wo gbogbo ìlú, Elizabeth ń wo ẹni tó wà nínú àhámọ́. Èrò tèmi ni pé ìjọba ló yẹ kó ru ẹrù Robert: kí ó mú olè, kí ó mú ẹni tó ń bá olè gbowó. A kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù náà lé ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò sí nílé lórí.

Lóde òní

Òfin 1968 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ajá sí dúkìá bíi kẹ̀kẹ́ tàbí fóònù. Nígbà àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá ajá rà, owó rẹ̀ sì wọ́n. Nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún méjì ẹjọ́ olè ajá ló dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ní ọdún 2020, ìjọba sì yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí rẹ̀ ní 2021. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, òfin tuntun wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Northern Ireland tó fi jíjí ajá tàbí ológbò gbé ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún márùn-ún. Òfin náà gbà pé ẹran ilé ní ẹ̀mí, kì í ṣe ẹrù lásán.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ní ajá nílé:

– Láti oṣù kẹrin ọdún 2016, dandan ni kí ajá ní microchip lára. Bí ẹ bá kó lọ sí ilé tuntun tàbí tí ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un kọ.
– Bí ajá bá jáde sígboro, bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni ín.
– Ẹ má so ajá mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní òun nìkan.
– Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa, pàápàá àmì ara rẹ̀.
– Bí ó bá sọnù, ẹ sọ fún ọlọ́pàá, káńsù, àti iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ microchip. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó wá, ẹ má dá lọ bá a.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nílé

1. Ta ni ẹ fara mọ́, Robert àbí Elizabeth? Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún òbí yín ní Yorùbá.
2. Kí ló dé tí òfin 1845 fi mú ẹni tó ń gba owó, tí kò fi mọ sórí ẹni tó gbé ajá?
3. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà: irú orúkọ wo ni wọ́n ń sọ ajá nílé, kí sì ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ wá ní Sátidé tó ń bọ̀.