Ọba, Ògbóni àti Obìnrin Ẹ̀gbá

Àwọn kan rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ìjọba àwa-arawa. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Aláké kì í dá ìlú ṣe. Àwọn Ògbóni a máa ká a lọ́wọ́ kò. Lẹ́yìn tí Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira rẹ̀ ní 1914, òyìnbó sọ ọba di aláṣẹ kan ṣoṣo lábẹ́ wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n ti tẹ̀ sí apá kan.

Láti 1918 ni àwọn obìnrin ti ń san owó orí láìní aṣojú nínú ìgbìmọ̀. Ní 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣaájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ sí Aké, tàwọn ti orin èébú (ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, irú orin bẹ́ẹ̀ yẹ ní kíkọ sílẹ̀). Ní 1948, àwọn Ògbóni pàápàá kẹ̀yìn sí Adémọ́lá Kejì. Ní oṣù kìn-ín-ní 1949, ó fi ìtẹ́ sílẹ̀. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀. Ọba padà wálé ní 1950, ṣùgbọ́n kò tún dá ìlú ṣe mọ́.