Mùdùnmúdùn Egungun àti Òórùn Epo: Ìtàn Benzene

Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, tí ó fi ìdí iṣẹ́ oòjọ́ ẹni ṣe ibùgbé, ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí.

Ní ọdún 1825, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Michael Faraday rí omi kan tí ó mọ́ gaara nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo tí gáàsì àtùpà ń fi sílẹ̀. Òun ni à ń pè ní benzene. Ó wà nínú epo pẹtiróòlù. Àwọn oníṣẹ́ sì ń fi í yọ́ rọ́bà àti gọ́ọ̀mù. Ní 1897, Santesson ará Sweden kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń ṣe táyà kẹ̀kẹ́ ní Uppsala: benzene ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, àwọn kan sì kú. Ní 1928, Delore àti Borgomano ní ilẹ̀ Faransé ròyìn òṣìṣẹ́ kan tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ní 1974, Muzaffer Aksoy ará Turkey ka ènìyàn 26 tí ó ní jẹjẹrẹ náà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàrin àwọn aránbàtà Istanbul, tí gọ́ọ̀mù wọn kún fún benzene. Nígbà tí wọ́n jáwọ́ nínú gọ́ọ̀mù ọ̀hún, àwọn aláìsàn dín kù.

Èémí ni benzene ń bá wọlé. Ẹ̀dọ̀ a sọ ọ́ di májèlé mìíràn, a sì dé inú mùdùnmúdùn egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí àìsàn tó yọjú. Ìdí nìyí tí kì í fi í kọ́ni lọ́gbọ́n bí iná ti ń kọ́ni.

Kí ló wá kan Ìwéré-Ilé? Ìlú Òkè-Ògùn yìí kò jìnnà sí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pe epo tí a gbé láti ilẹ̀ wa, tí a ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ní kpayo. Ẹni tí ń fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà, tí ń dà á láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò, ohun tí ó pa àwọn aránbàtà náà ni ó ń fà símú, bí ó tilẹ̀ kéré sí ti inú gọ́ọ̀mù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí kò léwu.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ nílé ní èdè wa: kí a má fi ẹnu fa epo, kí a má fi fọ ọwọ́, kí a má sì tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá tí a ń sùn. Ire o.