Orógbó àti Ààbò Ẹ̀dọ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí lórí Kolaviron

Orógbó kò ṣàjèjì nílé Yorùbá. A ń fi ṣàdúrà níbi ìkómọjáde, òun sì ni obì Ṣàngó. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni kolaviron, àkópọ̀ èròjà flavonoid tí àwọn onímọ̀ ń yọ lára kóró rẹ̀. Wọ́n á sá kóró náà gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fa ọ̀rá rẹ̀ jáde, kí wọ́n tó fi acetone tàbí ethanol yọ èyí tí wọ́n ń wá. Kolaviron kì í ṣe orógbó tí a ń rún lẹ́nu, ó yẹ kí èyí yé wa dáadáa.

Kẹ́míkà tí wọ́n sábà máa ń fi ba ẹ̀dọ̀ eku jẹ́ fún irú ìdánwò yìí ni carbon tetrachloride, tí àwọn alágbàfọ̀ òyìnbó ń lò láyé ijọ́un. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di oró tó le. Ènsáìmù CYP2E1 á já a sí èérún tí wọ́n ń pè ní radical, èyí á sì máa ba ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Bí awọ náà bá ti ya, àwọn ènsáìmù inú ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní ALT àti AST á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń mọ bí ọṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Ní ọdún 2000, Farombi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣàlàyé bí kolaviron ṣe ń dín ìbàjẹ́ yìí kù lára eku.

Síbẹ̀, ẹ̀rí yìí nìkan kò tó. Ohunkóhun tó bá dí CYP2E1 lọ́wọ́ lè dà bí aláàbò, nígbà tó jẹ́ pé oró náà ni kò tíì dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka iṣẹ́ Maurice Iwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1987 sí èyí tó wúwo jù. Yàtọ̀ sí carbon tetrachloride, wọ́n tún dán kolaviron wò pẹ̀lú galactosamine àti oró olú méjì, amanitin àti phalloidin. Ọ̀nà ìpalára wọn yàtọ̀ síra: amanitin ń dá iṣẹ́ RNA dúró, phalloidin sì ń so mọ́ okùn actin tó di sẹ́ẹ̀lì mú. Kolaviron dín agbára gbogbo wọn kù.

Ṣùgbọ́n ta ló ń mu carbon tetrachloride lóde òní? Oró aflatoxin inú ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu ló ń bá wa gbélé, pàápàá fún ẹni tó ti ní kòkòrò àìsàn hepatitis B, tí àpapọ̀ méjèèjì ń ti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà jẹjẹrẹ. Ìwádìí Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2005, tó fi hàn pé kolaviron ń dín ọṣẹ́ aflatoxin B1 kù lára eku, ló kan ilé ìdáná wa gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àsìkò. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò irú èyí, eku ti ń gba oògùn kí májèlé tó dé tàbí bó ṣe ń dé. Aláìsàn tiwa, tó ti gbé paracetamol jù mì, ẹ̀yìn ọ̀ràn ló ń dé ọsibítù, aporó N-acetylcysteine tí wọ́n á sì fún un ń ṣiṣẹ́ jù láàárín wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́. Ìdánwò tí mo fẹ́ kí àwọn ilé ìwádìí wa gbájú mọ́ ni èyí tí májèlé yóò ti ṣáájú, tí wákàtí mẹ́jọ tàbí méjìlá yóò ti kọjá, kí kolaviron tó wọlé, pẹ̀lú N-acetylcysteine lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìfiwéra.