Ilé Olówó Pọ́ọ́kú ní Ìlú Ọba: Láti Camden Dé Peckham

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilé rí. Bí a bá gbọ́ pé àdúgbò kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí owó ilé ibẹ̀ kò ga, ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ bi ara wa ni pé, kí ló mú kí owó náà wálẹ̀? Ní Alápẹ̀rẹ̀ níhìn-ín tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, Ìlú Ọba kò jìnnà sí ẹnu ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ́ tí kò rí owó ọdún kan kó fún onílé a máa wí pé bí òun bá sáà ti dé Lọ́ńdọ̀nù, ìyà ilé ti dópin. Èmi kò fẹ́ ba ìrètí ẹnikẹ́ni jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni láti tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti ń wá ilé gbé níbẹ̀ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún wá, kí á lè mọ ohun tí wọ́n san yàtọ̀ sí owó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ iṣẹ́ amòfin, àti Dókítà Herbert Bankole-Bright, ọmọ ilẹ̀ Sàró, dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WASU. Ọ̀ràn ilé wà lára ohun tó ń dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jù lọ. Onílé a fèsì lẹ́tà pé yàrá wà. Nígbà tí ó bá fojú kan àwọ̀ ẹni tó fẹ́ gbà á, yàrá a ti tán. Ní 1929, Ṣólàńkẹ́ padà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta ní títọrọ owó láti ìlú dé ìlú. Láti inú akitiyan yìí ni wọ́n ti ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ojúlé 62, Camden Road, ní 1933. Aya rẹ̀ ni ìyá ilé, oúnjẹ ilé wa ló sì ń sè fún wọn. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣí ilé tiwọn, Aggrey House, ní 1934, WASU kọ̀ ọ́, nítorí wọ́n fura pé ìjọba fẹ́ fi ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn: ilé àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn wa ti rí ìsinmi ní Lọ́ńdọ̀nù, àgbájọ ọwọ́ la fi ṣí i.

Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn tó ń lọ pọ̀ sí i. Òfin ọdún 1948 fún àwọn ọmọ ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso láyè láti wọ Ìlú Ọba kí wọ́n sì máa gbé ibẹ̀. Àmọ́ òfin kò ṣílẹ̀kùn onílé. Ọ̀pọ̀ fèrèsé ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ láàrin wa tí kò mọ ewì Wọlé Ṣóyínká, ‘Telephone Conversation’, lórí ọkùnrin tó ń wá yàrá àti obìnrin onílé tó ń bi í bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe dúdú tó. Ẹ̀fẹ̀ ni a fi ń kà á lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró nínú òtútù pẹ̀lú ẹrù lẹ́sẹ̀ kò lè fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1965 láti dènà ẹ̀tanú àwọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ ilé. Ó di 1968 kí wọ́n tó fi kún un.

Nítorí náà, àwọn tó rí yàrá, yàrá tí òyìnbó kò fẹ́ ni wọ́n rí. Tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ a máa gbé yàrá kan. Ayálégbé bíi mélòó kan a máa lo ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo. Ààrò onípàráfínì ni wọ́n fi ń yáná. Síbẹ̀, èèyàn dúdú a máa san ju ohun tí òyìnbó ń san lọ fún irú yàrá kan náà, nítorí onílé mọ̀ pé kò ríbòmíràn lọ. Ẹ wá rí i pé ohun tó dà bí ilé ẹdínwó lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, ọ̀wọ́n gógó ni.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ gbà bọ́ ni kí wọ́n ra ilé àlòkù, èsúsú ni wọ́n sì fi kó owó jọ, nígbà tí báńkì kò fẹ́ yá wọn. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè kò lè fo ọ̀rọ̀ yìí kọjá. Àwọn ará Tìrìnídáàdì tí wọ́n bá àwọn ènìyàn wa pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń dá àjọ, ‘sou-sou’ ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn onímọ̀ gbà pé láti inú èsúsú wa ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, láti ayé òwò ẹrú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó lọ nínú ìdè wá pàdé ìyekan rẹ̀ ní Ìlú Ọba, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ ń ra ilé.

Ibi tí ìtàn yìí ti wá gbilẹ̀ jù ni Peckham, ní gúúsù odò Thames. Ní 1965 ni wọ́n pa ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, Southwark, Bermondsey àti Camberwell, pọ̀ di Southwark tuntun. Kánsù kọ́ ilé rẹpẹtẹ fún àwọn tálákà, ọ̀kan nínú wọn ni North Peckham. Inú àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ dùn, nítorí wọ́n rí balùwẹ̀ àti omi gbígbóná nínú ilé. Ṣùgbọ́n afárá tí wọ́n fi so ilé pọ̀ mọ́ ilé lókè di ibùba àwọn ìpátá. Ẹni tó lágbára kó lọ. Àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ ni àwọn tí kò ní yíyàn bọ́ sí. Lẹ́yìn tí owó náírà wó lulẹ̀ láti 1986, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wọ Lọ́ńdọ̀nù rọ́ lọ sí apá ibẹ̀. Ìdí tí owó fi wálẹ̀ nìyẹn: ìbẹ̀rù àwọn tó ti kó jáde ló dín in kù.

Kí ni àwọn ènìyàn wa fi Peckham ṣe? Wọ́n sọ ọ́ di àdúgbò. Ní Rye Lane, iṣu, ẹ̀lùbọ́, ata rodo àti ẹja gbígbẹ wà lórí àtẹ, a sì ń ná ọjà ní Yorùbá. Ilé ìkẹ́rù tó ti ṣófo di ilé ìsìn. Ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan. Ìyá tó ti gba ọ́fíìsì mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́ a máa wọ gèlè lọ́jọ́ Ìsinmi, kí gbogbo ayé mọ̀ pé ọmọ ẹni iyì ni òun.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọdún 2000, wọ́n ṣí ilé ìkàwé tuntun kan ní Peckham, tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba ẹ̀bùn Stirling, ẹ̀bùn tó ga jù fún àwọn ayàwòrán ilé ní Ìlú Ọba. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún náà, Dámilọ́lá Taylor ń ti ilé ìkàwé yìí bọ̀. Èkó ni wọ́n ti bí i; oṣù kẹjọ ọdún náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n fi ìgò gún un lẹ́sẹ̀, ó sì kú sórí àtẹ̀gùn ní North Peckham, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́wàá péré kí ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bí a bá ń ṣírò owó ilé Peckham, ẹ má jẹ́ kí á yọ èyí kúrò nínú ìṣirò.

Wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà. Ní 2012, ọkọ̀ ojú irin Overground so Peckham Rye mọ́ ìyókù Lọ́ńdọ̀nù dáadáa. Àwọn olówó wò ó, wọ́n rí i pé ọjà ń kún, pé ojú ọ̀nà ń dùn, owó ilé sì gbéra. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ti kó lọ sí Thamesmead, àwọn mìíràn sì ti dé ẹkùn Kent. Àwọn tó tún àdúgbò ṣe ni apá wọn kò ká a mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí á rò pé ìwà òyìnbó nìkan ni. Ní 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Peter Marris ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ó sì gbé ìwé jáde ní 1961: ilé tuntun náà dára, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà pàdánù oníbàárà, mọ̀lẹ́bí sì jìnnà síra wọn. Láti ìgbà tí Afárá Kẹta ti parí ní 1990, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù lè gbé Alápẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń fa ènìyàn wá síbí. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bí àwọn onílé ṣe ń pa òfin náà mọ́ sí.

Ní èrò tèmi, ẹ̀kọ́ kan ló wà nínú gbogbo èyí. Ilé tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ẹnì kan ti san ìyókù: akẹ́kọ̀ọ́ fi ìtìjú san án, ìyá fi oorun san án, àwọn òbí kan sì fi ọmọ san án. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ, kí orí rere ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó wá ẹgbẹ́ kó tó wá yàrá, bí Ṣólàńkẹ́ ti ṣe. Àwa tí a sì jókòó nílé, kí á bi ara wa léèrè ìdí tí àgbájọ ọwọ́ tó ṣílé ní Camden Road kò fi tíì ṣí irú rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá yàrá lónìí láàrin Kétu àti Ògùdù.